Ọ̀dà Tuntun Lára Ọkọ̀ Asáré Àtijọ́

Ilẹ̀ tóóró ni ilẹ̀ Lekki. Òkun Àtìláńtíìkì ni ó wà ní gúúsù rẹ̀, ọ̀sà ni ó sì wà ní àríwá. Orúkọ ìjọba ìbílẹ̀ tí Ajah àti apá púpọ̀ nínú àdúgbò Lekki wà, èyí tí í ṣe Etí-Ọ̀sà, fi hàn bí omi ti sún mọ́ ilé àwọn ènìyàn tó. Atẹ́gùn tí ń fẹ́ láti orí òkun a máa tu ni lára ní ìrọ̀lẹ́, ṣùgbọ́n iyọ̀ ni ó gbé dání. Iyọ̀ náà kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ojú kò lè rí i, síbẹ̀ gbogbo irin ni ó mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Ọ̀pá ojú fèrèsé, géètì ẹnu ọ̀nà, páànù orí ilé, gbogbo wọn ni ó ń dípẹtà díẹ̀díẹ̀. Ohun tí ń ṣe àwọn wọ̀nyí náà ni ó ń ṣe ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́.

Láàrin ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí ń kọjá ní títì Lekki sí Ẹ̀pẹ́, a lè rí ọ̀kan lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan tí kò jọ àwọn yòókù. Ó kéré, ó rẹlẹ̀, ìjókòó méjì péré ni ó ní, a sì lè ká òrùlé rẹ̀ sẹ́yìn. Ọkọ̀ asáré ni irú èyí. Ó lè jẹ́ Mercedes-Benz SL irú èyí tí àwọn ará Jámánì ṣe láti 1971 títí di 1989. Ó lè jẹ́ Mazda MX-5 ti ilẹ̀ Japan, tí ó kọ́kọ́ jáde ní 1989. Ó sì lè jẹ́ BMW Z3, tí wọ́n ṣe láti 1995 títí di 2002. Tòkunbọ̀ ni púpọ̀ nínú wọn. Àwọn mìíràn ti lo ọdún pípẹ́ ní ìlú òtútù, níbi tí wọ́n ti máa ń da iyọ̀ sí ojú títì kí yìnyín lè yọ́. Wọ́n sá fún iyọ̀ kan lọ́hùn-ún, wọ́n wá bá òmíràn ní Ajah.

Bí ọ̀dà irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ bá ti ń ṣá, tí ó sì ń bó, ohun àkọ́kọ́ tí ó máa ń wá sí ọkàn ẹni tí ó ni ín ni pé kí òun kùn ún ní ọ̀tun. Yóò wa ọkọ̀ náà lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn tí ń fín ọ̀dà, yóò sì béèrè pé, “Ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́ o. Èló ni ẹ máa gbà láti kun ọkọ̀ yìí fún mi?” Ọ̀gá tí ó bá dárúkọ owó lójú ẹsẹ̀, owó àwọ̀ nìkan ni ó dá. Ọ̀gá tí ó mọṣẹ́ yóò yí ọkọ̀ náà ká lẹ́ẹ̀mejì, yóò bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wo abẹ́ rẹ̀, yóò sì dáhùn pé, “Ẹ káàbọ̀, sà. Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí ó wà lábẹ́ ọ̀dà yìí ná.” Ìdáhùn yìí lè dàbí ìfàsẹ́yìn lójú ẹni tí ń kánjú, ṣùgbọ́n òun ni ìpìlẹ̀ gbogbo ìṣirò owó náà. Àwọ̀ tí ojú ń rí kọ́ ni ó ń jẹ owó jù lọ. Ohun tí ó fara pamọ́ sábẹ́ rẹ̀ ni.

Ẹ jẹ́ kí a wo bí ọ̀dà ti nípọn tó. Gbogbo ọ̀dà tí ilé iṣẹ́ fi bo ara ọkọ̀ tuntun, láti ìpele ìsàlẹ̀ títí dé òkè, kò ju ìdá kan nínú mẹ́wàá mílímítà lọ púpọ̀. Bí ojú ewé ìwé kan ni. Ohun tí ó fẹ́lẹ́ tó bẹ́ẹ̀ kò lè bo ibi tí ó tẹ̀, kò lè bo ojú ìhà sáńpépà, bẹ́ẹ̀ ni kò lè di ìpẹtà lọ́wọ́. Bí ó bá sì ṣe ń dán sí i ni àbùkù abẹ́ rẹ̀ yóò ṣe máa hàn sí i, pàápàá bí àwọ̀ náà bá jẹ́ dúdú.

Nítorí náà, àyẹ̀wò ni ó yẹ kí ó ṣáájú owó. Òòfà kékeré kan tí a fi aṣọ múlọ́múlọ́ wé ti tó fún ìbẹ̀rẹ̀. Kí ẹni tí ó ni ọkọ̀ máa gbé e lé ara rẹ̀ níbi gbogbo. Ibi tí òòfà bá ti kọ̀ tí kò lẹ̀ mọ́, ó ṣeé ṣe kí ẹnì kan ti fi pọ́tì dí ihò níbẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n kí ó ṣọ́ra kí ó má dá ẹ̀bi fún aláìṣẹ̀: bọ́nẹ́ẹ̀tì Mazda MX-5 àkọ́kọ́ jẹ́ alumíníọ̀mù, òòfà kì í sì í mú alumíníọ̀mù, àwọn ará Amẹ́ríkà sì ti ń ṣe Chevrolet Corvette láti 1953 láìfi irin ṣe awọ ara rẹ̀. Lẹ́yìn òòfà, kí wọ́n gbé kápẹ́ẹ̀tì inú ọkọ̀ sókè, kí wọ́n sì fi ọwọ́ kan ilẹ̀ rẹ̀ bóyá ó tutù. Ní àdúgbò tí omi òjò a máa kún ojú ọ̀nà, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ni ó ti mu omi tí ẹni tí ó ni wọ́n kò mọ̀. Etí ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn, igun búùtù, àti ihò tí omi òrùlé ń gbà jáde jẹ́ ibi tí ìpẹtà fẹ́ràn. Níbi tí ọ̀dà bá ti wú bí ìléròrò, ìpẹtà ti wà lábẹ́ rẹ̀ tipẹ́.

Kì í ṣe gbogbo ọ̀dà tí kò dán mọ́ ni ó ti kú. Bí ó bá jẹ́ pé oòrùn ni ó pa á láwọ̀ dà, tí kò bó, tí kò sì wú, ọ̀gá lè fi oògùn ìdán bó ojú rẹ̀ díẹ̀, kí ó sì padà dán. Iye tí èyí yóò náni kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ kíkùn ní ọ̀tun, ó sì dára kí a bi ọ̀gá léèrè nípa rẹ̀ kí a tó sọ̀rọ̀ nípa ohun mìíràn.

Bí àyẹ̀wò bá fi ìpẹtà hàn, iṣẹ́ ajórinmọ́rin àti ti pánẹ́ẹ̀lì bítà ni ó kàn. Irin tí ó ti jẹrà ni a ń gé kúrò, irin tuntun ni a sì ń jó sí ipò rẹ̀. Pọ́tì wà fún títún ojú irin ṣe kí ó lè gún régé. Kò yẹ kí ó nípọn ju mílímítà 3 lọ. Àwọn kan a máa ki pọ́tì sínú ihò ìpẹtà, wọn a fi sáńpépà ha á kí ó dán, wọn a sì fín ọ̀dà lé e. Yóò dára lójú fún oṣù mélòó kan. Ilé tí a bá fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Ní Lekki, ìrì náà tún ní iyọ̀ nínú.

Lẹ́yìn irin ni títú ọkọ̀ palẹ̀. Ọ̀nà méjì ni ó wà. Ọ̀nà tí kò wọ́n ni pé kí a fi téépù àti ìwé ìròyìn bo iná, gíláàsì àti rọ́bà, kí a sì fín ọ̀dà yí wọn ká. Ọ̀nà tí ó pé ni pé kí a tú gbogbo wọn kúrò. Nínú ti àkọ́kọ́, etí téépù ni ọ̀dà máa ń ti kọ́kọ́ ṣí, omi iyọ̀ a sì gba ibẹ̀ wọlé. Ṣùgbọ́n ọ̀nà kejì ní ìnáwó tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í rántí: rọ́bà ọkọ̀ tí ó ti lé ní ogún ọdún ti gan, bí a bá sì ti tú u, ó sábà máa ń já. Rọ́bà ọkọ̀ asáré kì í wọ́pọ̀ lọ́jà. Òkè òkun ni a ti máa ń ránṣẹ́ rà á, owó dọ́là ni a sì fi ń dá iye rẹ̀. Níbí gan-an ni ìṣirò àwọn mìíràn ti máa ń dàrú, tí ọkọ̀ yóò wà ní títú palẹ̀ fún ọdún kan lábẹ́ tapólì.

Ọ̀rọ̀ ọ̀dà fúnra rẹ̀ kò gùn. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ayé ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́, ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni kíkùn ọkọ̀ kan ń gbà. Láti 1914 sí 1925, àwọ̀ dúdú nìkan ni Ford fi ń kun ọkọ̀ Model T rẹ̀. Ní 1923 ni ilé iṣẹ́ DuPont ní Amẹ́ríkà gbé ọ̀dà kan tí wọ́n ń pè ní Duco jáde, tí a lè fín, tí ó sì ń yá gbẹ. Lóde òní, práímà ni a kọ́kọ́ ń fín sára irin. A ó fi sáńpépà ha á. Ọ̀dà aláwọ̀ yóò tẹ̀ lé e. Kílíà, tí kò ní àwọ̀, ni yóò bo gbogbo rẹ̀. Hádínà ni a ń pò mọ́ kílíà kí ó lè le. Fún ọkọ̀ kékeré oníjókòó méjì, lítà 3 tàbí 4 ọ̀dà aláwọ̀ tí a ti fi tínà là sábà máa ń tó, pẹ̀lú nǹkan bí i lítà 3 kílíà tí a ti pò tán. Àwọ̀ pupa àti ìyeyè kì í tètè bo abẹ́ wọn, nítorí náà wọ́n lè gbà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó dára kí a ra gbogbo ọ̀dà aláwọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí èyí tí a bá pò lọ́sẹ̀ tí ń bọ̀ lè má bá ti òní mu.

Àwọ̀ wo ni kí a yàn? Nọ́ńbà àwọ̀ àtètèkọ́ṣe máa ń wà lára àwo kékeré kan nínú ọkọ̀. Ẹni tí ó bá tẹ̀ lé nọ́ńbà náà kò ní láti kun inú búùtù, etí ilẹ̀kùn àti abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì tán pátápátá. Ẹni tí ó bá yí àwọ̀ padà ní láti kùn wọ́n, iṣẹ́ náà yóò sì pọ̀ sí i gidigidi. Ó tún ní láti lọ tún ìwé ọkọ̀ rẹ̀ ṣe, nítorí àwọ̀ wà nínú ohun tí a kọ síbẹ̀. Ọlọ́pàá tí ó rí ọkọ̀ pupa pẹ̀lú ìwé ọkọ̀ funfun kò ní ṣàì béèrè.

Nísinsìnyí ni a tó lè pín owó. Ká ní ₦2,000,000 ni ẹnì kan ní. Àpẹẹrẹ ni èyí, kì í ṣe iye ọjà. Kí ó pín in sí ọ̀nà mẹ́wàá. Ọ̀nà mẹ́rin, ₦800,000, ni kí ó yà sọ́tọ̀ fún irin, títú palẹ̀ àti ìhà sáńpépà; mẹ́ta, ₦600,000, fún práímà, ọ̀dà, kílíà àti fífín wọn; ọ̀kan, ₦200,000, fún rọ́bà àti àwọn ohun kéékèèké. Méjì tí ó kù, ₦400,000, kí ó má fọwọ́ kàn án. Kò sí ọkọ̀ àtijọ́ tí a bó ọ̀dà rẹ̀ tí kò ní àṣírí, owó àṣírí náà sì nìyẹn. Bí àyẹ̀wò bá sì fi hàn pé irin nìkan yóò gba ju ọ̀nà mẹ́rin lọ, kí ó dúró títí owó yóò fi pé.

Kí ó má ṣe san owó náà lẹ́ẹ̀kan. Kí òun àti ọ̀gá kọ àdéhùn sílẹ̀, kí ó san apá kan kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, apá kejì nígbà tí ó bá ti fojú ara rẹ̀ rí irin ní ìhòòhò kí práímà tó bò ó, kí ó sì san ìyókù nígbà tí a bá ti to gbogbo nǹkan padà. Tí práímà bá ti bo irin, kò sí ẹni tí ó tún lè mọ ohun tí wọ́n ṣe níbẹ̀.

Àkókò náà ṣe pàtàkì. Òjò Èkó a máa le láti oṣù kẹrin títí di oṣù keje, a máa rọlẹ̀ díẹ̀ ní oṣù kẹjọ, a sì tún padà ní oṣù kẹsàn-án àti ìkẹwàá. Ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ a máa wọ inú kọ̀ǹpírẹ́sọ̀, a di omi nínú àgbá rẹ̀, ìbọn ìfínọ̀dà a sì tu ún sára ọkọ̀ pọ̀ mọ́ ọ̀dà. Ọ̀gá tí ó bá ń já omi àgbá náà dànù lárààárọ̀ mọ iṣẹ́ rẹ̀. Ìgbà ẹ̀rùn ni ó dára jù, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé eruku ọyẹ́ ní wàhálà tirẹ̀. Níbi tí wọ́n bá ti ní iyàrá gbígbóná, ooru ìwọ̀n 60 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́ńtígíréèdì fún ìwọ̀n ọgbọ̀n ìṣẹ́jú yóò mú kí kílíà le, láìsí ewé tàbí kòkòrò tí yóò bà lé e.

Ohun kan wà tí kì í sí nínú ìwé ìṣirò ọ̀pọ̀ ènìyàn: èémí ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́. Hádínà ní kẹ́míkà kan tí a ń pè ní isocyanate nínú. Ẹni tí ó bá ń fà á símú nígbà gbogbo lè ní àìsàn èémí tí a ń pè ní ásímà, tí yóò fi jẹ́ pé kò ní lè sún mọ́ iṣẹ́ náà mọ́. Áńkáṣíìfù tí ọmọdékùnrin náà so mọ́ imú kò lè dí kẹ́míkà yìí lọ́nà. Ìbòmú tí ó ń gba afẹ́fẹ́ mímọ́ láti inú ọ̀pá rọ́bà ni ó yẹ ẹ. Òjé lè wà nínú ọ̀dà àwọn ọkọ̀ tí ó ti pẹ́ jù lọ pẹ̀lú, nítorí náà omi ni kí wọ́n fi máa ha á, kí eruku má baà gbalẹ̀, kí wọ́n sì fọ ọwọ́ kí wọ́n tó jẹun. Ẹni tí ó ni ọkọ̀ lè béèrè nípa ìbòmú nígbà tí ó bá ń béèrè nípa ọ̀dà. Bí ọ̀gá bá sọ pé owó rẹ̀ yóò gorí iṣẹ́, ó tọ́ kí ó gorí rẹ̀.

Nígbà tí ọkọ̀ bá padà dé ilé, kí wọ́n má fi òróró ìdán kankan bò ó fún oṣù kan, kí ọ̀dà lè gbẹ dé inú. Kí wọ́n máa fi omi tí kò ní iyọ̀ fọ̀ ọ́ déédéé, abẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú. Kí ẹni tí ó ni ín sì gba ìwọ̀nba ọ̀dà tí ó ṣẹ́ kù lọ́wọ́ ọ̀gá, kí ó dé e pinpin nínú ìgò, kí ó kọ nọ́ńbà àwọ̀ àti ọjọ́ tí wọ́n pò ó sí ara rẹ̀. Dáńfó tí yóò kọ́kọ́ ha ọkọ̀ náà lára ní oríta Ajah lè má pẹ́ dé.