Bíréèkì Sẹ̀rámíìkì: Ṣé Ó Tó Owó Tí Wọ́n Ń Pè É?

Nígbà tí mo wà ní ìpele kẹta ní ẹ̀ka wa, bí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé kí ló ń dá ọkọ̀ dúró, bíréèkì ni mo máa sọ. Ó di ìgbà tí mo ra Porsche Panamera àlòkù níbí ní Ìlú Ọba kí n tó rí i pé ìdáhùn yẹn kò pé. Bíréèkì sẹ̀rámíìkì ló wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, àwọn ẹlẹgbẹ́ wa kò sì yé béèrè bóyá ó tó owó rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ya ọ̀rọ̀ méjì sọ́tọ̀. Kì í ṣe páàdì sẹ̀rámíìkì tí ẹ lè rà ní Ládípọ̀ ni mò ń sọ. Dísìkì irin ni páàdì yẹn ń fún mọ́. Ní ti ọkọ̀ mi, dísìkì gan-an ni kì í ṣe irin. Wọ́n po okùn kábọ́ọ̀nù mọ́ oje, wọ́n yan án títí oje náà fi di kábọ́ọ̀nù, wọ́n sì jẹ́ kí sílíkọ́ọ̀nù yíyọ́ wọ inú ihò ara rẹ̀. Sílíkọ́ọ̀nù kì í yọ́ àfi tí iná bá kọjá 1,400°C. Ohun tó jáde le koko, ìwọ̀n rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìdajì ti irin. Ọdún 2001 ni Porsche fi í sára 911 GT2.

Iṣẹ́ rẹ̀ gan-an ni láti fara da ooru. Ẹ rántí ½mv²: bí eré bá di ìlọ́po méjì, agbára tí bíréèkì máa sọ di ooru á di ìlọ́po mẹ́rin. Ọkọ̀ mi sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó tọ́ọ̀nù méjì. Nígbà tí mo gbé e lọ sí pápá eré Silverstone, ọ̀rẹ́ mi tó ń lo dísìkì irin ní láti sinmi lẹ́yìn ìyípo díẹ̀, torí ẹsẹ̀ bíréèkì rẹ̀ ti ń rọ̀ wọlẹ̀. Ìtẹ̀ kẹwàá tèmi kò yàtọ̀ sí àkọ́kọ́.

Ṣùgbọ́n tí ọmọdé bá já sójú títì lójijì ńkọ́? Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lẹ máa tẹ̀ ẹ́. Bí bíréèkì irin bá ti lè mú kí ABS ṣiṣẹ́, ó ti lo gbogbo bí táyà ṣe lè di ilẹ̀ mú. Sẹ̀rámíìkì kò lè fi nǹkan kan kún un. Táyà ló kù.

Ní ojoojúmọ́, mo gbádùn rẹ̀: kì í dípẹtà, eruku dúdú kì í bo rímù, ọkọ̀ sì ń fò lórí gegele wọ́ọ́rọ́wọ́. Àmọ́ tí mo bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ ọkọ̀, ìtẹ̀ àkọ́kọ́ máa ń pẹ́ díẹ̀ kó tó mú, ó sì máa ń han láàárọ̀ òtútù.

Ibi tó ti dùn mí jù ni ilé táyà kan. Ẹni tó ń tú ẹsẹ̀ ọkọ̀ kò fi ọ̀pá atọ́nà sí i; rímù yọ̀ bọ́, ó gbá etí dísìkì, etí náà sì ṣẹ́. Tó bá jẹ́ irin ni, ojú ìhá lásán ni ì bá jẹ́. Mẹkáníìkì mi yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní kò ṣe é lò mọ́. Owó dísìkì kan yẹn ju owó tí mo fi ra ọkọ̀ àkọ́kọ́ mi níbí lọ. Ilé táyà náà ní àwọn kọ́. Láti ìgbà náà, mi ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tú ẹsẹ̀ ọkọ̀ mi lẹ́yìn mi.

Ẹ̀yin tó ń wo ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ní àlòkù, ẹ má fi ojú lásán ra dísìkì. Wọ́n máa ń kọ ìwọ̀n tí kò gbọdọ̀ fúyẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ sára rẹ̀, torí ooru lè jẹ kábọ́ọ̀nù inú rẹ̀ láìjẹ́ pé ó tín-ín-rín. Ẹ ní kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, kí ẹ sì wo etí rẹ̀ yíká.

Ìdáhùn mi rèé: tó bá jẹ́ eré sísá tàbí òkè gíga lẹ máa ń sọ̀, ó tó owó rẹ̀. Tó bá jẹ́ ibi iṣẹ́ lẹ̀ ń lọ, ẹ fi owó náà ra táyà tó dára.