Kẹ̀kẹ́ Bàbá Inú Ọ̀dẹ̀dẹ̀: Ẹ Jẹ́ Kí Ó Tún Máa Yí

Ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé ní Ìkẹ́rẹ́, ní Ìsẹ̀ àti ní Èmùré, bí ènìyàn bá wo kọ̀rọ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀ dáadáa, yóò rí kẹ̀kẹ́ ológeere kan tí ó fẹ̀yìn ti ògiri. Táyà rẹ̀ ti jò, ṣéènì rẹ̀ ti dípẹtà, adìẹ sì ti sọ ìjókòó rẹ̀ di ibùsùn. Bàbá ni ó ni ín, tàbí bàbá bàbá pàápàá. Kò sí ẹni tí ó fẹ́ tà á fún àwọn tí ń ra irin àlòkù, nítorí pé ohun ìrántí ni. Bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tí ó ń gùn ún. Ohun tí a fẹ́ bá ẹ̀yin ìyá àti ẹ̀yin ọmọge wa sọ lóṣù yìí ni pé kí ẹ gbé kẹ̀kẹ́ náà jáde, kí ẹ tún un ṣe, kí ẹ sì máa gùn ún fúnra yín.

Ọ̀rọ̀ yìí lè dà bí àwàdà létí àwọn mìíràn. Wọn yóò ní, “Ọkàdà ń bẹ, mọ́tò ń bẹ, obìnrin wo ni yóò tún máa tẹ kẹ̀kẹ́ kiri àdúgbò?” Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí ìjọba àpapọ̀ ti yọ owó ìrànwọ́ kúrò lórí epo bẹntiróòlù ní ọdún 2023, kò sí ìyá ilé tí kò mọ ohun tí owó ọkọ̀ ti dà. Ìyá tí ó ń gbé ata lọ sí ẹ̀rọ, tí ó ń sáré lọ sí ọjà, tí ó tún ń lọ mú ọmọ bọ̀ láti ilé ìwé, owó ọkàdà nìkan lè jẹ èrè ọjà rẹ̀ tán.

ÌTÀN RẸ̀ LÁÀRIN WA

Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ bí àwọn ènìyàn ńlá ti ń rìn kí kẹ̀kẹ́ tó gbilẹ̀ ní Èkìtì, kí ó wo ilẹ̀kùn tí Ọlọ́wẹ̀, ọ̀gá agbẹ́gilére ará Ìsẹ̀, gbẹ́ fún ààfin Ògògà ti Ìkẹ́rẹ́ láàrin ọdún 1910 sí 1914. Lára ilẹ̀kùn náà ni a ti rí Òyìnbó aṣojú ìjọba tí ó jókòó, tí àwọn ọkùnrin sì gbé e wá kí ọba. Wọ́n pàtẹ ilẹ̀kùn yìí ní Wembley ní ọdún 1924. Àga ọba tí wọ́n ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ṣe pàṣípààrọ̀ rẹ̀ fún Ògògà, inú British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù ni ó sì wà títí di òní. Ẹ ò rí i pé nígbà náà, ẹni tí kò bá fẹ́ fi ẹsẹ̀ rìn, bí kò bá ní ẹṣin, orí ẹlòmíràn ni yóò gùn. Kẹ̀kẹ́ ni ó jẹ́ kí mẹ̀kúnnù lè máa gbé ara rẹ̀ kiri láìsí pé ẹnikẹ́ni rù ú.

Nígbà tí owó kòkó ń wọlé, àwọn tíṣà, àwọn wolé-wolé àti àwọn tí ń ra kòkó ni wọ́n ń gun Raleigh, Humber àti Hercules láti ìlú dé ìlú. Kẹ̀kẹ́ ṣe pàtàkì tó bẹ́ẹ̀ tí ìjọba ìbílẹ̀ fi ń gba owó ìwé àṣẹ lórí rẹ̀. Kódà, títí di ìsinsìnyí, òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 ṣì ka fífún kẹ̀kẹ́ ní ìwé àṣẹ mọ́ iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni alùpùpù láti Japan dé, tí kẹ̀kẹ́ sì di ohun tí a ń pè ní ti òtòṣì.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a bi ara wa léèrè: nínú gbogbo ìtàn yìí, níbo ni obìnrin wà? Ẹ̀yìn ni ó sábà máa ń jókòó, lórí irin tí a ń di ẹrù mọ́. Bí ó ti rí níbí náà ni ó fẹ́ rí ní òkè òkun ní ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Àwọn dókítà kan tilẹ̀ ń dẹ́rù ba àwọn obìnrin pé kẹ̀kẹ́ yóò ba ojú wọn jẹ́. Àwọn obìnrin kò gbọ́. Wọ́n bọ́ síkẹ́ẹ̀tì wúwo sílẹ̀, wọ́n sì gun kẹ̀kẹ́ wọn. Ní ọdún 1896, Susan B. Anthony, ẹni tí ó jà fún ẹ̀tọ́ ìdìbò àwọn obìnrin Amẹ́ríkà, sọ pé kò sí ohun tí ó tú obìnrin sílẹ̀ láyé tó kẹ̀kẹ́. Nítòsí wa níhìn-ín, ní Ouagadougou ní ilẹ̀ Burkina Faso, obìnrin tí ó pọn ọmọ tí ó sì gun kẹ̀kẹ́ lọ sí ọjà kì í ṣe ohun ìwòran rárá.

JÍJÍ KẸ̀KẸ́ TÍ Ó TI SÙN

Ẹ gbé e sí ìta ní òwúrọ̀, kí ẹ fi aṣọ tí a fi omi rẹ díẹ̀ nu eruku kúrò lára rẹ̀. Ẹ má ṣe da omi lé e bí ẹni ń fọ mọ́tò, nítorí pé omi tí ó bá wọ ibi tí irin ti ń yí yóò lé gìrísì jáde, ìpẹtà yóò sì gba ipò rẹ̀. Ẹ fi àkísà tí a rẹ sínú kẹrosíìnì díẹ̀ pa ìpẹtà ara irin funfun rẹ́. Ẹ má ha ọ̀dà ara rẹ̀: ọ̀dà ni aṣọ tí irin wọ̀.

Lẹ́yìn èyí ni táyà. Bí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bá ti sán bí gìgísẹ̀ àgbẹ̀ nígbà ọyẹ́, ọjọ́ rẹ̀ ti pé. Ẹ ra òmíràn. Ẹ kọ nọ́ńbà tí ó wà lára rẹ̀ sílẹ̀ kí ẹ tó lọ sí ọjà. 28 × 1½ ni ó wà lára ọ̀pọ̀ Raleigh àtijọ́, èyí tí ó bá sì yàtọ̀ sí ti kẹ̀kẹ́ yín kò ní jókòó dáadáa.

Bí túùbù bá ń jò, ẹ fẹ́ ẹ, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ bọ inú omi. Ibi tí omi bá ti ń hó ni ihò wà. Ẹ nù ún gbẹ, ẹ fi pépà ìfágí ha ojú ibẹ̀, ẹ fi sọ́lúṣọ̀n kùn ún, kí ẹ sì ní sùúrù kí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ kí ẹ tó lẹ rọ́bà mọ́ ọn. Kí ẹ tó dá túùbù padà, ẹ fi ọwọ́ wá inú táyà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, nítorí pé ẹ̀gún tí ó lu túùbù lè ṣì wà níbẹ̀. Lára àwọn kẹ̀kẹ́ àtijọ́, rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan tún wà nínú ẹnu ibi tí a ti ń fẹ́ atẹ́gùn sí. Bí ó bá ti jẹrà, atẹ́gùn yóò máa jò bí túùbù kò tilẹ̀ lu.

Kẹrosíìnì àti búrọ́ọ̀ṣì ni ẹ óò fi fọ ṣéènì. Bí ó bá ti gbẹ, ẹ kán epo ẹ̀rọ sí oríkèé rẹ̀ lẹ́yọ lẹ́yọ, kí ẹ sì nu èyí tí ó bá ṣẹ́ kù. Epo tí ẹ ń kán sí máṣíìnì ìránṣọ lè ṣe é. Ẹ má ṣe lo epo pupa tàbí òróró ìdáná: yóò dì, yóò sì kó eruku jọ. Epo kankan kò sì gbọdọ̀ kan rímù tàbí rọ́bà bíréèkì.

Bíréèkì ni olórí gbogbo rẹ̀. Irin gbọọrọ ni ó ń fa ti àwọn kẹ̀kẹ́ wọ̀nyí, kì í ṣe wáyà. Ẹ fún un mú, kí ẹ sì ti kẹ̀kẹ́ síwájú. Bí táyà bá ṣì ń yí, ẹ kò gbọdọ̀ tíì gùn ún. Rímù tí ó wọ́, sípóòkù tí ó já àti bọ́ọ̀lù inú ibi tí táyà ti ń yí, ẹ gbé wọn lọ bá ẹni tí ó mọ iṣẹ́ náà.

ÌGBÁDÙN GÍGÙN ÚN

Ẹ yan òwúrọ̀ kùtùkùtù tàbí ìrọ̀lẹ́, nígbà tí oòrùn bá ti rọlẹ̀. Òpópó àdúgbò ni kí ẹ gbà. Títì Àkúrẹ́ sí Adó tí ó gba Ìkẹ́rẹ́ kọjá, ẹ fi í sílẹ̀ fún àwọn onílọ́rì. Ní Ìkẹ́rẹ́, bí ẹ bá ń yí lọ pẹ̀lẹ́, tí òkè Ọlósùnta dúró gbagidi lókè orí ilé, tí àwọn aládùúgbò ń kí yín láti ojú ọ̀nà, ẹ óò mọ̀ pé ẹni tí ó wà lórí ọkàdà kì í rí ìlú rẹ̀ dáadáa.

Ẹ gbé ìjókòó sí ìwọ̀n tí ẹsẹ̀ yín yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ nà tán nígbà tí pẹ́dà bá wà nísàlẹ̀. Ṣòkòtò ni ó dára jù. Bí ó bá jẹ́ ìró ni, ẹ ká a sókè kí ẹ sì dì í le, kí ṣéènì má baà fà á. Bí ẹ bá gbé ọmọ sẹ́yìn, ẹ rí i dájú pé ẹsẹ̀ rẹ̀ kò lè wọ inú sípóòkù, nítorí pé ọ̀pọ̀ ọmọ ni ó ti farapa bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá dé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ẹ fún bíréèkì méjèèjì pẹ̀lẹ́. Bí òkè bá ga jù, ẹ sọ̀kalẹ̀ kí ẹ tì í. Kò sí ìtìjú níbẹ̀: ẹ̀sọ̀ ẹ̀sọ̀ ni ìgbín ń gun igi.

Àjọ Elétò Ìlera Àgbáyé gba àgbàlagbà níyànjú pé kí ó máa fi ó kéré tán 150 ìṣẹ́jú lo ara láàrin ọ̀sẹ̀. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lórí kẹ̀kẹ́ ní ọjọ́ márùn-ún ti kún un, orúnkún kò sì ní ru ẹrù ara bí ẹni tí ń sáré. Ẹni tí ó bá ní ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí àìsàn ọkàn, kí ó kọ́kọ́ bá dókítà sọ̀rọ̀.

Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Kẹ̀kẹ́ tí bàbá fi sílẹ̀ jẹ́ ọ̀kan nínú ohun tí owó òde òní kò lè rà. Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ti ya ọjọ́ kẹta oṣù Kẹfà sọ́tọ̀ fún kẹ̀kẹ́ láti ọdún 2018, ṣùgbọ́n kò yẹ kí ẹ dúró de ọjọ́ náà. Ní Sátidé tí ń bọ̀, ẹ lé adìẹ kúrò lórí ìjókòó, kí ẹ wá àkísà àti kẹrosíìnì díẹ̀, kí ẹ sì pe àwọn ọmọ yín, lọ́kùnrin lóbìnrin, kí wọ́n wá kọ́ bí a ti ń ṣe é.