Òṣùwọ̀n Lámèyítọ́: Àyẹ̀wò Ìtàn-Àròsọ Abàmì àti Ìwé tí Òǹkọ̀wé Fi Owó Ara Rẹ̀ Tẹ̀

1.0 Ìfáàrà

Ní ọdún 1929 ni I. B. Thomas bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ìtàn ìgbésí ayé Sẹ̀gilọlá Ẹlẹ́yinjú Ẹgẹ́ sínú Akéde Èkó, ìwé ìròyìn tirẹ̀ tí òun fúnra rẹ̀ ń ṣe olóòtú rẹ̀. Ó gbé ìtàn náà kalẹ̀ bí ẹni pé obìnrin kan tí àìsàn ti dá dùbúlẹ̀ ni ó ń kọ lẹ́tà ránṣẹ́. Àwọn òǹkàwé kan gbà pé òótọ́ ni. Àwọn náà kọ lẹ́tà wá, ìwé ìròyìn sì tẹ lẹ́tà wọn jáde. Ní 1930, ìtàn náà di ìwé, ọ̀pọ̀ onímọ̀ sì ń pè é ní ìtàn-àròsọ Yorùbá àkọ́kọ́. Ohun tí ó yẹ ní kíkíyèsí ni pé kò sí olóòtú mìíràn tí ó dúró láàárín òǹkọ̀wé àti òǹkàwé. Lẹ́tà àwọn òǹkàwé ni àyẹ̀wò àkọ́kọ́ tí ìtàn náà rí.

Èròǹgbà iṣẹ́ yìí ni láti ṣàlàyé òṣùwọ̀n tí ó yẹ kí lámèyítọ́ fi wọn oríṣi ìwé méjì tí a máa ń fojú tín-ín-rín: ìtàn-àròsọ abàmì, èyí tí iwin àti ẹbọra ti ń bá ènìyàn gbé, àti ìwé tí òǹkọ̀wé fi owó ara rẹ̀ tẹ̀.

2.0 Ìtàn Abàmì àti Ìlérí Rẹ̀

Ẹ̀sùn mẹ́ta ni ó wọ́pọ̀ tí a fi ń kan Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ tí D. O. Fágúnwà kọ (1938): pé ìṣẹ̀lẹ̀ inú rẹ̀ kò so kọ́ra, pé ìwàásù pọ̀ jù, àti pé ohun tí ó sọ kò ṣeé gbàgbọ́. Kí lámèyítọ́ tó fara mọ́ ẹ̀sùn wọ̀nyí, ó yẹ kí ó bi ara rẹ̀ léèrè ohun tí ìwé náà ṣe ìlérí láti ṣe. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni ìwé náà ti sọ pé ìtàn ẹnu ni òun: Àkàrà-ògùn ń sọ ọ́, akọ̀wé ń kọ ọ́ sílẹ̀, àwọn ènìyàn sì ń wá gbọ́ ọ. Ìtàn ọdẹ tí a ń sọ lójoojúmọ́ kò ní í hun bí ìtàn inú ilé-ẹjọ́. Ìwàásù náà ní ipò tirẹ̀, nítorí pé ọgbọ́n ni èrè ìrìn-àjò sí Òkè Láńgbòdó. Síbẹ̀, lámèyítọ́ lè sọ, ó sì yẹ kí ó sọ, ibi tí ìwàásù ti dá ìtàn dúró tí kò sì fi ohunkóhun kún un. Irú àyẹ̀wò tí kò gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni bẹ́ẹ̀ ni Ayọ̀ Bámgbóṣé fi lélẹ̀ nínú ìwé tí ó kọ lórí iṣẹ́ Fágúnwà ní 1974.

Ní ti ẹ̀sùn kẹta, Tzvetan Todorov sọ ní 1970 pé iyèméjì ni ó ń sọ ìtàn di abàmì: òǹkàwé kò mọ̀ bóyá ohun tí ó rí jẹ́ ti ayé yìí tàbí kì í ṣe ti ayé yìí. Òṣùwọ̀n yìí kò bá Fágúnwà mu. Ẹ̀rù lè ba Àkàrà-ògùn níwájú Àgbàkò, ṣùgbọ́n kò ṣiyèméjì pé Àgbàkò wà. Ìlọrin gan-an jẹ́ ẹ̀rí. Ọmọ ilé kéú tí ó ti kọ́ pé Ọlọ́run dá àlùjànnú kò nílò àlàyé kí ó tó wọ inú Igbó Olódùmarè (1949), níbi tí yóò ti pàdé Ànjọ̀nnú Ìbẹ̀rù. Ọ̀rọ̀ Lárúbáwá ni ó di orúkọ yẹn lẹ́nu Yorùbá, tí olùkọ́ onígbàgbọ́ sì lò ó nínú ìwé rẹ̀. Nítorí náà, ìbéèrè lámèyítọ́ kì í ṣe “Ṣé irú èyí lè ṣẹlẹ̀?” bí kò ṣe “Ṣé òfin tí ìtàn yìí fi lélẹ̀ fún iwin rẹ̀ ni ó tẹ̀lé dé òpin?”

3.0 Àfiwé pẹ̀lú Ìtàn Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́

Ìlérí ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ yàtọ̀. Nínú Àjà Ló Lẹrù (1969) ti Ọládẹ̀jọ Òkédìjí, Làpàdé, ẹni tí ó ti ṣiṣẹ́ ọlọ́pàá rí, ni ó ń tọ ipasẹ̀ ọ̀daràn. Irú ìtàn bẹ́ẹ̀ ń ṣe ìlérí pé ẹni tí ó bá farabalẹ̀ yóò rí okùn ọ̀rọ̀ náà dì mú. Bí iwin bá ṣàdédé yọ ní ojú ewé ìkẹyìn tí ó sì dárúkọ olè, ìlérí ti yẹ̀. Ohun tí ó jẹ́ ẹwà nínú ìwé Fágúnwà di àbùkù níhìn-ín. A kì í fi kóńgò wọn aṣọ, bẹ́ẹ̀ ni a kì í fi ọ̀pá wọn gàrí.

4.0 Ìwé tí Òǹkọ̀wé Tẹ̀ Fúnra Rẹ̀

Ọ̀pọ̀ ìwé ìtàn Yorùbá òde òní ni òǹkọ̀wé ń gbé lọ fún atẹ̀wé fúnra rẹ̀, tí yóò sanwó rẹ̀, tí yóò sì gbé e kiri ilé-ẹ̀kọ́. Ibi ayẹyẹ ìkówèéjáde ni a sábà ń gbọ́ àyẹ̀wò irú ìwé bẹ́ẹ̀. Òǹkọ̀wé ni ó pe ẹni tí yóò yẹ ìwé wò. Alága àti àwọn tí yóò fi owó gbé ìwé náà jókòó sí iwájú. Gbèsè atẹ̀wé sì wà nílẹ̀. Àwọn àgbà òde òní ní ẹnu tí ó jẹ dòdò kò lè sọ òdodo. Ìyìn nìkan ni yóò jáde lọ́jọ́ náà, lẹ́yìn rẹ̀ ni ìdákẹ́jẹ́.

Ìyìn àti ìdákẹ́jẹ́ yìí ń ṣe ìpalára kan náà. Òǹkọ̀wé kò mọ ohun tí yóò tún ṣe nínú ìwé kejì. Olùkọ́ tí ó ń wá ìwé fún kíláàsì rẹ̀ kò mọ èyí tí yóò mú. Akẹ́kọ̀ọ́ tí yóò ṣèwádìí ní ogún ọdún sí i kò ní rí ojú ewé kan kà nípa ìwé tí ó ti tán lórí àtẹ.

Lámèyítọ́ irú ìwé yìí gbọ́dọ̀ ya àbùkù atẹ̀wé sọ́tọ̀ kúrò lára àbùkù ìtàn. Àmì ohùn tí kò sí, ojú ewé tí ó fò, àti àkọtọ́ tí ó tako èyí tí a fọwọ́ sí ní 1974, àìní olóòtú ni ó fa púpọ̀ nínú wọn. Kí ó sọ wọ́n ní ṣókí. Ẹ̀dá ìtàn tí ìwà rẹ̀ yí padà láìnídìí, tàbí oògùn tí agbára rẹ̀ ń pọ̀ sí i nígbàkígbà tí akọni bá wà nínú ewu, ti òǹkọ̀wé ni. Kí ó ṣàlàyé wọn dáadáa. Àánú kì í ṣe òṣùwọ̀n, ẹ̀gàn kì í sì í ṣe ìmọ̀.

5.0 Ìgúnlẹ̀

Ohun tí àlàyé òkè yìí fi hàn ni pé ìlérí ìwé ni òṣùwọ̀n rẹ̀, yálà ilé-iṣẹ́ ńlá ni ó tẹ̀ ẹ́ tàbí òǹkọ̀wé fúnra rẹ̀. Àwọn òǹkàwé Akéde Èkó kò dúró de ayẹyẹ kí wọ́n tó fèsì. Ìtàn ṣì ń lọ lọ́wọ́ nígbà tí èsì wọn ti ń dé. Ẹ̀ka ẹ̀kọ́ tí ó bá ń ka Fágúnwà lọ́dọọdún, tí kò sì ka ìwé tí aládùúgbò rẹ̀ fi owó oṣù rẹ̀ tẹ̀, ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ pé àwọn òkú nìkan ni ó ń kọ ìtàn Yorùbá.