Bí A Ṣe Ń Darí Líńkì Sínú Táàbù

Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti gba Òrè kọjá mọ̀ pé ìlú oríta ni. Ọkọ̀ tí ó ti Èkó bọ̀ lè gba ọ̀nà Bìní lọ tààrà, ó lè yà sí ọ̀nà Oǹdó, ó sì lè yà sí ọ̀nà Òkìtìpupa. Awakọ̀ tí kò bá mọ ibi tí ó yẹ kí òun yà sí yóò bá ara rẹ̀ níbi tí kò rò. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni líńkì rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Líńkì ni ọ̀rọ̀ tàbí àwòrán tí a ń tẹ̀ kí ó lè gbé wa lọ sí ojú-ewé mìíràn. Táàbù ni àyè tí ojú-ewé kọ̀ọ̀kan ń gbà nínú búráúsà. Orúkọ wọn a máa tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lókè. Bí ẹ bá tẹ líńkì lásán, ojú-ewé tuntun a sábà gba ipò èyí tí ẹ ń kà, àfi bí ẹni tí ó ṣe ojú-ewé náà bá ti pàṣẹ pé kí ó ṣí lọ́tọ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wo akẹ́kọ̀ọ́ kan tí ó ti Odigbo wá sí Òrè láti kọ fọ́ọ̀mù ìwọlé sí ilé-ẹ̀kọ́ gíga, níbi tí a ti ń sanwó lo kọ̀ǹpútà. Ó ti kọ ọ̀pọ̀ nǹkan sí i kí ó tó rí líńkì tí ó ṣàlàyé iṣẹ́ tí ó fẹ́ kọ́. Ó tẹ̀ ẹ́, fọ́ọ̀mù lọ. Nígbà tí yóò fi padà sẹ́yìn, ó lè bá gbogbo àyè ní òfìfo, owó rẹ̀ sì ti ń lọ.

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Bí ẹ bá di Ctrl mú kí ẹ tó tẹ líńkì, yóò ṣí sínú táàbù tuntun, fọ́ọ̀mù yín yóò sì wà níwájú yín. Bí ẹ bá di Ctrl àti Shift mú pọ̀, táàbù tuntun náà ni yóò bọ́ síwájú. Shift nìkan yóò ṣí fèrèsé ọ̀tọ̀. Lórí fóònù, ẹ fi ìka tẹ líńkì mọ́lẹ̀ díẹ̀, ẹ ó sì rí ibi tí ẹ ti lè yan táàbù tuntun. Bí ẹ bá ṣèèṣì pa táàbù kan dé, Ctrl, Shift àti T yóò ṣí i padà.

Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe jẹ́ kí táàbù pọ̀ jù, nítorí kọ̀ǹpútà yóò máa falẹ̀. Kí ẹ tó kọ ọ̀rọ̀ aṣínà sínú táàbù tí ó ṣàdéédéé ṣí, ẹ kọ́kọ́ ka àdírẹ́sì tí ó wà lókè rẹ̀ dáadáa, nítorí àwọn ẹlẹ́tàn pọ̀.

Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí. Ẹni tí ó bá mọ ibi tí líńkì yóò gbé òun lọ kí ó tó tẹ̀ ẹ́ kò ní sọ iṣẹ́ rẹ̀ nù ní oríta.