Bí Dókítà Bá Fẹ́ Ṣe Iṣẹ́ Abẹ fún Ajá Tàbí Ológbò Yín



Ọ̀pọ̀ ilé Mùsùlùmí ni ológbò wà tí ń pa eku. Àwọn mìíràn ní ajá tí ń ṣọ́ ilé. Bí ọ̀kadà bá kọ lu irú ẹran bẹ́ẹ̀, tàbí tí ó ń rọbí tí ọmọ kò jáde, iṣẹ́ abẹ lè di dandan. Ẹ̀rù á wá máa ba ará ilé pé: ṣé yóò jí? A kò gbàgbé ìtàn obìnrin tí ó ti ológbò mọ́lé títí tí ebi fi pa á kú, àti ti ẹni tí Ọlọ́hun forí jì nítorí pé ó fún ajá lómi. Ẹran tí ó wà níkàáwọ́ wa, Ọlọ́hun yóò bi wá nípa rẹ̀.

Oògùn akùnnilóorun kò dà bí oorun alẹ́. Ẹran tí ó sùn lálẹ́ á húkọ́ bí nǹkan bá há a lọ́fun, á sì ká jọ bí òtútù bá mú un. Èyí tí a fún lóògùn kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Kò mọ ìrora, ṣùgbọ́n mímí rẹ̀ lè rọlẹ̀, ọkàn rẹ̀ lè máa lù díẹ̀díẹ̀, ara rẹ̀ á sì máa tutù.

Ìwádìí ńlá kan tí wọ́n ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láàárín ọdún 2002 sí 2004 fi hàn pé nínú nǹkan bí 600 ajá tí wọ́n fún lóògùn yìí, 1 ni ó kú. Ti ológbò jẹ́ 1 nínú nǹkan bí 400. Ewu náà kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ fún èyí tí ara rẹ̀ le. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí èyí: púpọ̀ nínú wọn kò kú sórí tábìlì. Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ni wọ́n kú, pàápàá láàárín wákàtí 3 àkọ́kọ́. Nítorí náà, iṣẹ́ wà fún àwa ará ilé.

Kí ẹ tó lọ. Dókítà ẹranko tí ó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ Veterinary Council of Nigeria ni kí ẹ lọ bá, kì í ṣe ẹni tí ó kàn mọ abẹ́rẹ́ gún. Ẹ má fún ẹran náà lóúnjẹ fún iye wákàtí tí dókítà bá sọ, tí ó sábà máa ń tó 6 sí 8. Bí oúnjẹ bá wà nínú rẹ̀, ó lè gòkè wá, kí ó sì wọ ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ kìlọ̀ fún àwọn ọmọdé, nítorí àánú lè mú wọn ju orí ẹja sí i. Kò rí bí ààwẹ̀ tiwa: ó lè mu omi títí àkókò yóò fi kù díẹ̀. Ọmọ ajá àti ọmọ ológbò kò gbọ́dọ̀ febi pẹ́, kí agbára má baà tán nínú wọn. Ẹ sọ òtítọ́ nípa àìsàn, oyún àti oògùn tí ó ti lò. Bí ajá yín bá jẹ́ onímú pẹlẹbẹ, ẹ rán dókítà létí, torí irú wọn kì í rí èémí mí dáadáa.

Ohun tí ẹ lè béèrè. Ṣé wọ́n wọn ẹran náà? Ìwọ̀n kílò rẹ̀ ni a fi ń mọ iye oògùn. Ta ni yóò máa wo mímí rẹ̀ àti àwọ̀ erìgì rẹ̀? Bí erìgì bá funfun tàbí tí ó dúdú bí aró, ewu dé nìyẹn. Bí wọ́n bá lo ketamine, ojú ológbò kì í pa dé, nítorí náà wọ́n gbọ́dọ̀ fi oògùn ojú sí i kí ó má baà gbẹ.

Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ. Ẹ má gbé e lọ kí ó tó lè gbé orí sókè. Nílé, ẹ tẹ́ aṣọ sílẹ̀ fún un níbi tí kò sí ariwo, kì í ṣe orí símẹ́ńtì tútù tàbí ibi gíga. Kí ẹnìkan jókòó tì í. Kò gbọ́dọ̀ jẹun títí ojú rẹ̀ yóò fi dá. Ẹ má fún ológbò ní paracetamol láéláé, nítorí ó ń pa á. Bí mímí rẹ̀ bá ṣòro, tàbí tí kò jí dáadáa, ẹ gbé e padà kíákíá.

Nípa ìmọ́tótó, ó lè bì tàbí kí ó tọ̀ sára. Ẹ jẹ́ kí aṣọ rẹ̀ jìnnà sí ẹní ìkírun, kí ẹ sì fi ọṣẹ fọ ọwọ́. Abọ́ wa tí ajá bá fi ẹnu kàn, ẹ fọ̀ ọ́ ní ẹ̀ẹ̀méje, bí Ànábì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) ti kọ́ wa.

Kí Ọlọ́hun fi àánú sí wa lọ́kàn, kí Ó sì ṣàánú àwa náà. Àmín.