Ọgbà pákó tó di ilé ẹ̀kọ́ṣẹ́: Bí fíìmù olówó pọ́ọ́kú Roger Corman ṣe tọ́ àwọn ọ̀gá sinimá Amẹ́ríkà

Bí wọ́n bá ń ka orúkọ àwọn olùdarí sinimá tí iṣẹ́ wọn ti pa owó jù lọ láyé, kò sí bí wọn ò ṣe ní í kan James Cameron. Òun ló ṣe Titanic lọ́dún 1997, òun náà ló ṣe Avatar lọ́dún 2009. Ṣùgbọ́n ọ̀gbẹ́ni yìí kò kọ́ iṣẹ́ sinimá ní yunifásítì, bẹ́ẹ̀ ni kò bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ nílé iṣẹ́ ńlá kankan ní Hollywood. Inú ọgbà kan tí wọ́n ti ń ta pákó tẹ́lẹ̀, ní àdúgbò Venice nílùú Los Angeles, ló ti kọ́ṣẹ́. Nígbà tí wọ́n ń ṣe fíìmù ogun ojú ọ̀run kan tí wọ́n pè ní Battle Beyond the Stars, èyí tó jáde lọ́dún 1980, Cameron wà lára àwọn tó ń gé ike, tí wọ́n ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ra, kí ó lè dà bí ọkọ̀ tó ń fò láàárín ìràwọ̀. Kò sówó láti ra ohun èlò gidi. Nínú iṣẹ́ tó ṣe lọ́gbà yẹn, páálí funfun tí wọ́n fi ń di oúnjẹ tà ní McDonald's ni wọ́n kó jọ, tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri, tí wọ́n sì kùn lọ́dà. Lójú kámẹ́rà, ó di inú ọkọ̀ àwọn ará òfuurufú.

Ẹni tó ni ọgbà náà ni Roger Corman, tó jáde láyé lọ́jọ́ kẹsàn-án oṣù karùn-ún ọdún 2024, lẹ́ni ọdún 98. Orúkọ ilé iṣẹ́ tó dá sílẹ̀ lọ́dún 1970 ni New World Pictures. Irú fíìmù tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀ ni àwọn òyìnbó ń pè ní exploitation: fíìmù tí ń fi ohun tí ojú ń wá pe èrò. Ìjà ni, ẹranko abàmì ni, ọkọ̀ tó ń forí sọ ara wọn ni, obìnrin tó bọ́ṣọ sílẹ̀ ni. Àwọn tó ń kọ̀wé nípa sinimá nígbà náà kò ka ọ̀pọ̀ nínú wọn sí. Síbẹ̀, àwọn fíìmù yìí kan náà ni àwọn ènìyàn ń wá kiri lónìí, tí wọ́n ń tún ṣe, tí wọ́n sì ń jókòó wò bí ẹni ń wo ohun ìṣẹ̀ǹbáyé. Lọ́dún 2005, ibi ìkówèépamọ́ ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà fi ọ̀kan lára iṣẹ́ Corman, House of Usher, èyí tó ṣe lọ́dún 1960 kó tó dá ilé iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀, sára àwọn fíìmù tí orílẹ̀-èdè náà kò gbọdọ̀ jẹ́ kó sọnù.

Kí ni wọ́n ń padà lọ wò?

Ìlú Detroit ni wọ́n ti bí Corman, lọ́jọ́ karùn-ún oṣù kẹrin ọdún 1926. Iṣẹ́ ẹnjiníà ló kà ní yunifásítì Stanford, ṣùgbọ́n nígbà tó ríṣẹ́ sílé iṣẹ́ tó ń ṣe ẹ̀rọ iná mànàmáná, ọjọ́ mẹ́rin péré ló lò níbẹ̀ tó fi kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀. Ó di ẹni tí wọ́n ń rán níṣẹ́ nílé iṣẹ́ sinimá 20th Century Fox. Lọ́dún 1954, ó tu owó jọ, nǹkan bí 12,000 dọ́là, ó sì fi gbé fíìmù kan jáde nípa ẹranko abàmì inú òkun. Láti ìgbà náà ni kò ti sinmi mọ́.

Àwọn tó bá dòwò pọ̀ nígbà náà ni James Nicholson àti Samuel Arkoff, àwọn tó ni American International Pictures. Ọ̀nà tí àwọn wọ̀nyí ń gbà ṣòwò yóò ya ẹni tó bá ti kọ eré rí lẹ́nu. Wọ́n á kọ́kọ́ wá orúkọ tó ń dẹ́rù bani, wọ́n á ya pósítà rẹ̀, wọ́n á gbé e lọ fún àwọn tó ni ilé sinimá. Bí àwọn yẹn bá ní ọjà yóò tà, ìgbà náà ni wọ́n á tó wá ẹni tí yóò kọ ìtàn rẹ̀. Ọmọ tí wọn kò tíì lóyún rẹ̀ ni wọ́n ń sọ lórúkọ.

Ní ti ìṣọ́wóná, kò sẹ́ni tó lè bá Corman dù ú. The Little Shop of Horrors, fíìmù ewéko tó ń jẹ ènìyàn, tó ṣe lọ́dún 1960, ọjọ́ méjì àti òru kan péré ni wọ́n fi ya èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀, nínú ilé tí àwọn ẹlòmíràn ti kọ́ fún fíìmù tiwọn tí wọn kò sì tíì wó. Jack Nicholson, tí ẹnikẹ́ni kò tíì mọ̀ nígbà náà, ṣe ẹni tí inú rẹ̀ ń dùn bí wọ́n ṣe ń yọ eyín rẹ̀. Corman gbà pé fíìmù náà kò ní í lẹ́mìí gígùn, kò sì yọ ara rẹ̀ lẹ́nu láti dáàbò bo ẹ̀tọ́ rẹ̀ lábẹ́ òfin. Bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó wù ú ṣe ń ṣe ẹ̀dà rẹ̀ kiri. Àwọn tó rántí ohun tí àwọn ajádìí-ẹ̀tọ́ fi ojú Baba Sàlá rí lórí Ọ̀run Móoru lọ́dún 1982 mọ bí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ṣe ń dunni. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé gbèsè ńlá ni Baba Sàlá jẹ sórí tirẹ̀, nígbà tí Corman kò tíì ná ju nǹkan bí 30,000 dọ́là lọ.

Ṣùgbọ́n fíìmù kan wà tí kò fi ṣe ọjà títà lásán. Orúkọ rẹ̀ ni The Intruder, ó jáde lọ́dún 1962. Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà ti pàṣẹ láti ọdún 1954 pé kí àwọn ilé ìwé ìjọba má ṣe ya ọmọ aláwọ̀ dúdú sọ́tọ̀ kúrò lára ọmọ aláwọ̀ funfun mọ́, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ìlú ní gúúsù kọ etí ikún sí i. Fíìmù náà sọ ìtàn ọkùnrin kan tó wọ aṣọ funfun wá sí irú ìlú kékeré bẹ́ẹ̀, tó ń fi ọ̀rọ̀ dídùn ru àwọn aláwọ̀ funfun sókè kí wọ́n má bàa jẹ́ kí àwọn ọmọ aláwọ̀ dúdú wọlé ìwé. William Shatner ló ṣe ọkùnrin náà. Kò sí ilé iṣẹ́ tó fẹ́ fi owó sí i. Corman àti Gene, àbúrò rẹ̀, ló wá owó rẹ̀, kò sì tó 100,000 dọ́là.

Ìpínlẹ̀ Missouri ni wọ́n ti yà á, lápá gúúsù ìlà-oòrùn rẹ̀, lọ́dún 1961, láàárín àwọn tí ọ̀rọ̀ náà ń bá wí gan-an. Àwọn ará ìlú ni wọ́n fi ṣe èrò tó ń pariwo níwájú kámẹ́rà. Wọn kò jẹ́ kí wọ́n mọ ibi tí ìtàn náà máa já sí. Nígbà tí Shatner dúró níwájú wọn tó ń sọ ọ̀rọ̀ ìkórìíra, ọ̀pọ̀ nínú wọn ń pàtẹ́wọ́ tọkàntọkàn, nítorí ohun tó ń sọ bá èrò wọn mu. Ẹ̀rù yóò ba ẹni tó bá wo ibẹ̀ lónìí, nítorí kì í ṣe eré ni wọ́n ń ṣe. Nígbà tó yá, àṣírí tú. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í halẹ̀ mọ́ wọn, àwọn agbófinró lé wọn kúrò ní ibì kan, wọ́n sì ń sáré ya èyí tó kù láti ìlú kan dé èkejì.

Àwọn tó mọ iṣẹ́ yin fíìmù náà. Wọ́n gbé e lọ síbi àjọ̀dún sinimá ní Venice ti ilẹ̀ Ítálì. Ṣùgbọ́n èrò kò wá. Wọ́n yí orúkọ rẹ̀ padà, wọ́n tún gbé e jáde, kò tà. Ìyẹn ni fíìmù àkọ́kọ́ tí Corman pàdánù owó lé lórí, ó sì dùn ún wọra. Ohun tó sọ pé òun rí kọ́ níbẹ̀ ni pé kò gbọdọ̀ wàásù fún ènìyàn ní gbangba mọ́. Ẹni tó bá sanwó láti wo ìjà, kó rí ìjà wò; ọ̀rọ̀ tí òun bá fẹ́ sọ, abẹ́ ìjà náà ni yóò máa wà, bí ìgbà tí ìyá bá fi oògùn sínú ẹ̀kọ fún ọmọ rẹ̀.

Ìdí nìyẹn tí fíìmù New World fi máa ń ní inú àti ẹ̀yìn. The Student Nurses, tí obìnrin kan tó ń jẹ́ Stephanie Rothman darí lọ́dún 1970, ṣèlérí ọmọge lórí pósítà, ṣùgbọ́n ẹni tó bá wọlé yóò bá ọ̀rọ̀ oyún ṣíṣẹ́ àti ogun Vietnam pàdé. Death Race 2000 ti ọdún 1975, níbi tí àwọn awakọ̀ ti ń gba máàkì bí wọ́n bá fi mọ́tò pa ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn, ń fi ìjọba tó ń fi eré ìdárayá dí aráàlú lójú ṣe yẹ̀yẹ́. Sylvester Stallone wà níbẹ̀, ọdún kan kó tó di Rocky. Kí a má parọ́, ọ̀pọ̀ nínú fíìmù ilé iṣẹ́ náà kò ní ọ̀rọ̀ kankan lábẹ́. Pàǹtírí ni, wọ́n sì mọ̀ pé pàǹtírí ni.

Ẹni tó bá ti kọ́ṣẹ́ télọ̀ tàbí mẹkáníìkì nílẹ̀ Yorùbá yóò mọ bí wọ́n ṣe ń gbé ní ọgbà Corman. Ọmọ iṣẹ́ yóò gbálẹ̀, yóò gbé kámẹ́rà, yóò wa ọkọ̀, yóò gé fíìmù lóru. Owó tí wọ́n ń san fún un kò tó nǹkan. Ṣùgbọ́n ohun tí ilé iṣẹ́ ńlá kò ní í jẹ́ kó fọwọ́ kàn fún ọdún mẹ́wàá, Corman lè gbé e lé e lọ́wọ́ láàárín oṣù mélòó kan. Francis Ford Coppola ti gba ọ̀dọ̀ rẹ̀ kọjá ṣáájú, nígbà tí kò tíì sí New World. Jonathan Demme kọ eré fún un, ó sì darí fíìmù àkọ́kọ́ rẹ̀, Caged Heat, níbẹ̀ lọ́dún 1974. Joe Dante ń gé ìpolówó fíìmù kí ó tó gba Piranha ṣe lọ́dún 1978. Gale Anne Hurd bẹ̀rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí olùrànlọ́wọ́ Corman, òun ló sì gbé The Terminator jáde pẹ̀lú Cameron lọ́dún 1984. Ron Howard kò tíì pé ọdún 25 nígbà tó darí Grand Theft Auto, tó jáde lọ́dún 1977. Ó ti sọ ọ́ léraléra pé ọ̀gá náà sọ fún òun pé bí òun bá ṣe iṣẹ́ yìí dáadáa, òun kò ní í tún ní ìdí láti bá a ṣiṣẹ́ mọ́. Fírídọ̀mù tí wọ́n ń gbà níbẹ̀ nìyẹn.

Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ló jáde níbẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rín. Nítorí pé nǹkan dínwó ní Philippines, ibẹ̀ ni wọ́n ti lọ ya The Big Doll House lọ́dún 1971, ìtàn àwọn obìnrin inú ẹ̀wọ̀n, níbi tí Pam Grier, ọmọge aláwọ̀ dúdú, ti kọ́kọ́ lókìkí. Ara obìnrin ni ọjà tí wọ́n ń tà nínú irú fíìmù bẹ́ẹ̀, ìyókù jẹ́ àfikún. Èyí tó burú jù ni ti Humanoids from the Deep lọ́dún 1980. Barbara Peeters ló darí rẹ̀. Nígbà tó parí, wọ́n ní kí ẹlòmíràn lọ ya ibi tí àwọn abàmì ti ń fipá bá obìnrin lò pọ̀, wọ́n sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ iṣẹ́ rẹ̀. Obìnrin náà ní kí wọ́n yọ orúkọ òun kúrò. Wọn kò yọ ọ́. Corman tó fún obìnrin láyè láti darí fíìmù nígbà tí ilé iṣẹ́ ńláńlá kò tíì máa ṣe bẹ́ẹ̀, òun náà ló wà nídìí èyí. Ẹni tó bá ń yìn ín kò gbọdọ̀ fo ibẹ̀.

Ilé iṣẹ́ kan náà yìí ló tún ra fíìmù àwọn àgbà ọ̀jẹ̀ ilẹ̀ Yúróòpù wọ Amẹ́ríkà. Cries and Whispers ti Ingmar Bergman ará Sweden wà níbẹ̀. Amarcord ti Federico Fellini náà wà níbẹ̀, ó sì gba àmì ẹ̀yẹ Oscar. Corman tilẹ̀ gbé Bergman lọ sí pápá tí àwọn ènìyàn ti ń jókòó sínú mọ́tò wo sinimá lálẹ́, níbi tí wọ́n ti ń wo abàmì àti ọlọ́kadà.

Ohun tó ṣẹ́ ilé iṣẹ́ náà lápá ni pé àwọn olówó kọ́ iṣẹ́ rẹ̀. Nígbà tí Jaws jáde lọ́dún 1975, tí Star Wars sì tẹ̀ lé e lọ́dún 1977, Corman rí i pé irú ìtàn tí òun ń ṣe ni, ẹja apanirun àti ogun ojú ọ̀run, ṣùgbọ́n owó tí wọ́n dà lé e lórí kì í ṣe ẹgbẹ́ tirẹ̀. Ó ta New World lọ́dún 1983, ó dá òmíràn sílẹ̀, ó sì kó fíìmù rẹ̀ wọ inú kásẹ́ẹ̀tì fídíò nígbà tí àwọn ilé sinimá kò gbà á mọ́.

Lọ́dún 2009 ni wọ́n fún un ní àmì ẹ̀yẹ Oscar tí wọ́n fi ń dá àgbà oníṣẹ́ lọ́lá. Kí ìyẹn tó dé, àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ti ń dá a lọ́lá lọ́nà tiwọn: wọ́n ń fi í sínú fíìmù wọn. Coppola fi í ṣe sẹ́nétọ̀ nínú The Godfather Part II lọ́dún 1974. Demme fi í ṣe ọ̀gá àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ nínú The Silence of the Lambs lọ́dún 1991. Nígbà tó kan Ron Howard lọ́dún 1995, nínú Apollo 13, aṣòfin tó wá bẹ ibùdó àwọn arìnrìn-àjò òṣùpá wò ló fi ọ̀gá rẹ̀ àtijọ́ ṣe. Ohun tí aṣòfin náà sì ń béèrè ni ìdí tí wọ́n fi gbọ́dọ̀ tún máa náwó sí i.