Ẹ má wọ abẹ́ ọkọ̀ tó wà lórí jáàkì nìkan

Ní àárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti iṣẹ́ alẹ́ dé ni, n kò tíì bọ́ aṣọ nọ́ọ̀sì ọrùn mi, nígbà tí mo rí ẹsẹ̀ méjì tó yọ jáde lábẹ́ ọkọ̀ wa. Ẹsẹ̀ àkọ́bí mi ni. Toyota Corolla ọdún 1998 tí bàbá wọn ń kẹ́ bí ẹyin ni wọ́n gbé sórí jáàkì kan ṣoṣo. Orí iyanrìn ni jáàkì ọ̀hún wà, wọ́n sì ti yọ táyà iwájú kan kúrò.

Mo ní, "Jáde níbẹ̀!"

Ó ní, "Màámi, ẹ fara balẹ̀, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí."

Mo ní bó bá jẹ́ èmi ni mo bí i, kó jáde kíá. Ó ń kùn bó ṣe ń jáde. Ibi tó ti fẹ́ dìde ló ti fọwọ́ ti ara ọkọ̀ náà díẹ̀, ni jáàkì bá yẹ̀, ọkọ̀ sì já wálẹ̀ gbì! Ibi tí àyà rẹ̀ wà níṣẹ̀ẹ́jú kan sẹ́yìn gan-an ló já sí. Kò sẹ́ni tó lè sọ̀rọ̀ nínú wa.

Ẹ̀yin òbí, n kò bá ọmọ náà wí pé ó fẹ́ ṣọ́ owó ná. Gbogbo wa la mọ bí nǹkan ṣe rí. Táí-rọ́ọ̀dù ló fẹ́ pààrọ̀, ó sì wà lára iṣẹ́ tí ẹni tí mẹkáníìkì ti kọ́ dáadáa lè ṣe nílé. Àmọ́ ó ní bí wọ́n ṣe ń ṣe é.

Kí ni táí-rọ́ọ̀dù?

Òun ni irin tó so sítíárìn pọ̀ mọ́ ẹsẹ̀ iwájú ọkọ̀. Orí rẹ̀ dà bí oríkèé ara wa: irin róbótó kan ń yí nínú ihò rẹ̀, gírísì wà níbẹ̀ kó má baà jẹ, rọ́bà sì bò ó. Bí rọ́bà yẹn bá ti ya, omi àti iyanrìn á wọlé, oríkèé náà á sì máa jẹ díẹ̀díẹ̀, bí orúnkún àwa tó ti ń dàgbà. Bó bá wá já lórí eré, ẹsẹ̀ ọkọ̀ yẹn á kọjú síbi tó wù ú, kò sì sí bí ẹni tó ń wakọ̀ ṣe lè dá a padà.

Àwọn àmì tẹ́ ẹ ó rí

Ẹ ó yí sítíárìn díẹ̀, ọkọ̀ kò ní í tètè gbọ́. Ẹ ó máa gbọ́ ko-ko-ko bẹ́ ẹ bá bọ́ sí kòtò. Táyà á máa jẹ ní ẹ̀gbẹ́ kan, ọkọ̀ á sì máa fà síbì kan. Ẹ̀yin àgbà tí èjìká ń ro lẹ́yìn ìrìn-àjò, ẹ má sọ pé ọjọ́ orí nìkan ni. Ó lè jẹ́ ọkọ̀ tẹ́ ẹ ń bá jìjàkadì látàárọ̀ ni. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wò ó.

Bẹ́ ẹ bá fẹ́ ṣe é nílé

Ilẹ̀ kọnkéré tó tẹ́jú ni kẹ́ ẹ lò. Ẹ fa bíréèkì ọwọ́, kẹ́ ẹ fi igi tàbí òkúta dí táyà ẹ̀yìn. Ẹ dẹ nọ́ọ̀tì táyà díẹ̀ kẹ́ ẹ tó gbé ọkọ̀ sókè. Iṣẹ́ jáàkì ni láti gbé ọkọ̀, kì í ṣe láti gbé e dúró. Sítáǹdì onírin ló ń gbé e dúró. Ẹ má lo búlọ́ọ̀kù, ó lè fọ́ lójijì. Ẹ tún fi táyà tẹ́ ẹ yọ sábẹ́ ara ọkọ̀. Láti ẹ̀gbẹ́, níbi tí táyà ti kúrò, lọwọ́ ti ń tó orí táí-rọ́ọ̀dù. Kò sí ìdí tí èèyàn fi gbọ́dọ̀ wọ abẹ́.

Ẹ wọ gíláàsì sójú, nítorí ìpàtà. Bẹ́ ẹ bá ń yí ti àtijọ́ jáde, ẹ ka iye ìgbà tẹ́ ẹ yí i. Bó bá jẹ́ 18, ìgbà 18 náà ni kẹ́ ẹ yí tuntun wọlé. Píìnì tuntun ni kẹ́ ẹ fi há nọ́ọ̀tì rẹ̀, torí òun ni kì í jẹ́ kó tú. Ẹ má ra tọ̀kunbọ̀, ẹ kò lè mọ bó ti jẹ tó nínú. Bí ọkọ̀ bá balẹ̀ tán, ẹ tún nọ́ọ̀tì táyà fún le, kẹ́ ẹ sì rọra wà á lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń ṣe aláímẹ́ǹtì lọ́jọ́ náà. Bó bá jẹ́ bọ́ọ̀lù-jọ́íǹtì tàbí odindi sítíárìn ló bà jẹ́, ẹ gbé e fún mẹkáníìkì.

Bí ọkọ̀ bá já lu èèyàn ńkọ́?

Ẹ má fà á jáde tipátipá. Ẹ pariwo, kẹ́ ẹ pe 112. Ẹ fi jáàkì gbé ọkọ̀ kúrò lára rẹ̀, kẹ́ ẹ fi igi tì í kó má baà tún padà wálẹ̀. Bẹ́ ẹ bá ń gbé ẹni náà, orí, ọrùn àti ẹ̀yìn rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà lọ́gbọọgba. Bí kò bá mí, ẹ fi ọwọ́ méjèèjì tẹ àárín àyà rẹ̀ le-le, ní nǹkan bí ìgbà 100 sí 120 láàárín ìṣẹ́jú kan, títí ìrànlọ́wọ́ fi máa dé. Ẹ má fún un lómi, ẹ má sì gbé e sórí ọ̀kadà. Bó bá tilẹ̀ ní kò sóhun tó ṣe òun, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn, nítorí ẹ̀jẹ̀ lè máa dà nínú láìsí ọgbẹ́ lára.

Ọjọ́ kejì ni ọmọ mi parí iṣẹ́ rẹ̀, lórí kọnkéré aládùúgbò wa, pẹ̀lú sítáǹdì méjì tí bàbá rẹ̀ rà. Èmi gbé àga síta, mo jókòó tì í títí táyà fi padà sẹ́sẹ̀ ọkọ̀. Bí ọmọ yín bá ń tún ọkọ̀ ṣe nílé, ẹ yọjú wò ó. Ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan kọ́ ló yẹ kẹ́ ẹ máa rí. Ọlọ́run kò ní í jẹ́ ká fojú sunkún ọmọ o.